Ta Ló Ni Fáìlì? Ìtàn Ìforígbárí Àtijọ́ àti Tuntun Nínú Sọ́fítíwíà

Ìfáàrà

Midrand jẹ́ ìlú kan ní agbedeméjì ọ̀nà tí ó lọ láti Johannesburg sí Pretoria ní orílẹ̀-èdè Gúúsù Áfíríkà. Nígbà tí ẹṣin ṣì ń fa ọkọ̀ èrò, ibẹ̀ ni àwọn arìnrìn-àjò máa ń dúró sí láti sinmi. Ìdí nìyí tí a fi sọ ibẹ̀ ní Halfway House, èyí tí ó túmọ̀ sí ilé agbedeméjì ọ̀nà. Ní ọdún 1981, a dá ìjọba ìlú sílẹ̀ níbẹ̀ lábẹ́ orúkọ Midrand. Ní ọdún 2000, a tú ìjọba ìlú náà ká, a sì pa á pọ̀ mọ́ ìlú ńlá Johannesburg. Bí ìjọba ṣe yí padà tó yìí, orúkọ kan kò pa èkejì rẹ́. Halfway House ṣì jẹ́ orúkọ àdúgbò nínú Midrand, Midrand sì ṣì jẹ́ orúkọ agbègbè nínú Johannesburg. Àwọn tí ó mú ètò tuntun wá bá ohun kan nílẹ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún àwọn tí ó ni ín.

Lónìí, ìlú òwò ni Midrand. Ibẹ̀ ni olú ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù Vodacom wà. Ibẹ̀ ni Development Bank of Southern Africa wà. Ibẹ̀ náà ni Ilé Aṣòfin Gbogbo Áfíríkà, tí ó kọ́kọ́ jókòó ní Addis Ababa ní oṣù kẹta ọdún 2004, kó wá nínú ọdún kan náà. Kò sí èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ lè dúró láìsí kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà kan kò sì lè pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kí a má mú sọ́fítíwíà inú rẹ̀ dójú ìwọ̀n. Ibi tí ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Nígbà tí sọ́fítíwíà tuntun bá dé, tí ó bá fáìlì kan nílẹ̀ tí ó ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú èyí tí ó gbé wá, èwo ni kí ó dúró? Ṣé ti àlejò ni, tàbí ti onílé?

Ọ̀rọ̀ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà nìkan. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó ti ìwé àfọwọ́kọ rí, tàbí tí ó ti bá wọn dá sí àríyànjiyàn lórí àkọtọ́, ti bá irú rẹ̀ pàdé. Ìtàn bí a ti ṣe yanjú rẹ̀ láàárín nǹkan bí 30 ọdún ni àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ sọ, àti ohun tí ó kan èdè Yorùbá nínú rẹ̀.

Ìdìpọ̀, Alámòójútó Ìdìpọ̀ àti Onílé

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣàlàyé àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó máa lò. Nínú ètò kọ̀ǹpútà bí i Linux, a kì í kó sọ́fítíwíà wọlé ní fáìlì kọ̀ọ̀kan. A máa ń dì wọ́n pọ̀ ni. Ìdìpọ̀ kan ní àwọn fáìlì ìṣiṣẹ́, ìwé ìlànà, àti fáìlì ètò tí ó ń sọ bí sọ́fítíwíà náà yóò ṣe máa ṣiṣẹ́. Ó tún ní àkọsílẹ̀ tí ó sọ orúkọ rẹ̀, iye ẹ̀dà rẹ̀, àti àwọn ìdìpọ̀ mìíràn tí ó gbára lé. Sọ́fítíwíà tí ó ń gba ìdìpọ̀ wọlé, tí ó ń mú un dójú ìwọ̀n, tí ó sì ń lé e jáde, ni a ó pè ní alámòójútó ìdìpọ̀. Àwọn tí ó di ẹrù náà ni olùpín. Ẹni tí kọ̀ǹpútà wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ni onílé.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ìforígbárí máa ń gbà wáyé. Èkíní ni ti olùpín àti onílé: onílé ti tún fáìlì ètò ṣe kí ó lè bá iṣẹ́ rẹ̀ mu, olùpín sì gbé ẹ̀dà tuntun fáìlì kan náà dé. Èkejì ni ti ìdìpọ̀ méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń sọ pé òun ni òun ni fáìlì kan. Ẹ̀kẹta ni ti fáìlì kan ṣoṣo tí ó ní orúkọ méjì, tàbí orúkọ kan tí ojú rí gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan tí kọ̀ǹpútà sì kà sí méjì. A ó mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bí Ìtàn Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Kí alámòójútó ìdìpọ̀ tó dé, ńṣe ni a máa ń tú ẹrù sọ́fítíwíà sílẹ̀ sórí èyí tí ó wà nílẹ̀. Ohun tí ó bá jẹ́ orúkọ kan náà, tuntun a bo àtijọ́ mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó ti fi ọjọ́ mẹ́ta tún fáìlì ètò ṣe lè pàdánù gbogbo rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sì ní mọ̀ títí iṣẹ́ yóò fi dẹnu kọlẹ̀.

Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ ọdún 1993, Ian Murdock, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà nígbà náà, kéde iṣẹ́ Debian. Alámòójútó ìdìpọ̀ tí a ṣe fún un ni dpkg. Ian Jackson ni ó fi èdè C tún ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kọ ní ọdún 1994. Láti ìgbà náà ni dpkg ti ń ya fáìlì ètò sọ́tọ̀ kúrò lára fáìlì yòókù. Èrò tí ó wà nídìí èyí rọrùn: fáìlì ìṣiṣẹ́, ti olùpín ni, fáìlì ètò, bí olùpín tilẹ̀ ni ó gbé e wá, onílé ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́ di tirẹ̀. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, a di ọṣẹ.

Báwo ni dpkg ṣe ń mọ̀ pé onílé ti fọwọ́ kan fáìlì? Nígbà tí ó bá kọ́kọ́ gbé fáìlì ètò wọlé, ó máa ń ṣírò òǹtẹ̀ kan láti inú ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀, ó sì ń fi òǹtẹ̀ náà pamọ́. Bí a bá yí lẹ́tà kan ṣoṣo padà nínú fáìlì náà, òǹtẹ̀ rẹ̀ yóò yí padà. Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀dà tuntun bá dé, ohun mẹ́ta ni dpkg lè fi wé ara wọn: òǹtẹ̀ èyí tí olùpín gbé wá tẹ́lẹ̀, òǹtẹ̀ èyí tí ó wà nílẹ̀ báyìí, àti òǹtẹ̀ èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Bí onílé kò bá tí ì fọwọ́ kan tirẹ̀, tuntun a rọ́pò àtijọ́ láìsí ariwo. Bí onílé bá ti tún un ṣe, ṣùgbọ́n tí olùpín kò yí tirẹ̀ padà, ti onílé a dúró láìsí ìbéèrè. Bí àwọn méjèèjì bá ti yí padà, dpkg a dúró, a sì béèrè lọ́wọ́ onílé: ṣé kí òun mú tuntun, tàbí kí òun fi ti àtijọ́ sílẹ̀, tàbí kí òun fi ìyàtọ̀ inú wọn hàn án? Bí onílé bá kàn tẹ bọ́tìnnì láì yan nǹkan kan, tirẹ̀ ni yóò dúró, a ó sì fi ti olùpín sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìrù orúkọ mìíràn kí ó lè yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀. Bí onílé bá tilẹ̀ ti pa fáìlì ètò kan rẹ́ pátápátá, dpkg kà á sí pé ó ní ìdí tí ó fi pa á rẹ́. Kò ní dá a padà fúnra rẹ̀.

Ìwà ọmọlúàbí ni èyí. Ohun tí ó mú kí ó ṣe pàtàkì ni pé ó jẹ́ kí a dá ẹ̀bi mọ̀. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀dà méjì nìkan wéra lè mọ̀ pé ìyàtọ̀ wà, ṣùgbọ́n kò lè mọ ẹni tí ó dá ìyàtọ̀ náà sílẹ̀. Ó dìgbà tí ẹ̀dà kẹta, èyí tí àwọn méjèèjì ti pínyà, bá wà níbẹ̀. Àwọn tí ó ń ṣe àtòjọ ìwé àtijọ́ mọ èyí dáadáa: bí ìwé àfọwọ́kọ méjì kò bá bára mu, ẹ̀dà tí wọ́n jọ dà kọ ni onímọ̀ máa ń wá.

Àléébù dpkg náà wà níhìn-ín. Òǹtẹ̀ ni ó fi pamọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú fáìlì. Ó dà bí ẹni tí ó rántí ìtẹ̀ka ènìyàn tí kò rántí ojú rẹ̀. Nítorí náà ó mọ̀ pé ìyípadà ti wáyé, ṣùgbọ́n kò lè fi ti olùpín àti ti onílé ṣe ọ̀kan. Irinṣẹ́ tí ó lè ṣe irú àpapọ̀ bẹ́ẹ̀ ti wà tipẹ́. Diff3, tí ó ń fi fáìlì mẹ́ta wéra, wà nínú ẹ̀dà keje Unix ní ọdún 1979. Ní Debian, irinṣẹ́ kan tí ń jẹ́ ucf dé lẹ́yìn náà láti dí àlàfo yìí. Ó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ inú ẹ̀dà àtijọ́ gan-an, ó sì lè dábàá àpapọ̀ fún onílé.

Àwọn Tí Kì Í Béèrè

Kì í ṣe gbogbo olùpín ni ó gbà pé ó yẹ kí a máa béèrè. Red Hat ṣe alámòójútó tirẹ̀, RPM, ní ọdún 1995, a sì ṣe é kí ó má máa bá onílé fọ̀rọ̀ wérọ̀ rárá. Ẹni tí ó di ẹrù ni ó ń pinnu tẹ́lẹ̀. Fún àwọn fáìlì ètò kan, ti onílé ni yóò dúró, tí a ó sì kọ tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìrù .rpmnew. Fún àwọn mìíràn, tuntun ni yóò gba ipò, tí a ó sì fi ti onílé pamọ́ pẹ̀lú ìrù .rpmsave. Arch Linux, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2002, ń lo ìrù .pacnew ní tirẹ̀. Gentoo a kó gbogbo fáìlì tuntun bẹ́ẹ̀ jọ, onílé a sì fi irinṣẹ́ kan yẹ̀ wọ́n wò lẹ́yìn ìmúdójú ìwọ̀n.

Àwọn wọ̀nyí ní àwíjàre. Ilé-iṣẹ́ tí ó ní ọgọ́rùn-ún kọ̀ǹpútà kò lè fi ènìyàn jókòó ti ọ̀kọ̀ọ̀kan láti dáhùn ìbéèrè. Ìbéèrè kan ní agogo méjì òru, nígbà tí kò sí ẹni tí yóò dáhùn, lè dá iṣẹ́ gbogbo ilé dúró. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ náà ní ewu tirẹ̀. Fáìlì .rpmnew tí ẹnikẹ́ni kò kà a máa pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Nínú ọ̀kan nínú wọn, ó lè jẹ́ pé olùpín ti dí ihò tí olè ń gbà wọlé. Onílé kò mọ̀, ihò náà sì ṣí sílẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tí ó bá pa fáìlì onílé rẹ́ ti ṣẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ti onílé sílẹ̀ láì sọ fún un pé nǹkan ti yí padà kò ṣe dáadáa tó.

Ọ̀nà àárín kan tí a rí ni ti irinṣẹ́ tí ń ṣe ìmúdójú ìwọ̀n fúnra rẹ̀ ní Debian àti Ubuntu. Bí ó bá rí i pé ìdìpọ̀ kan yóò béèrè ọ̀rọ̀ lórí fáìlì ètò, a fi ìdìpọ̀ yẹn sílẹ̀ títí ènìyàn yóò fi dé, a sì máa bá ìyókù lọ.

Ọba Kì Í Pé Méjì Láàfin

Ìforígbárí kejì ni ti ìdìpọ̀ méjì. Ọba kì í pé méjì láàfin. Fáìlì méjì kò sì lè jẹ́ orúkọ kan nínú fódà kan. Bí ìdìpọ̀ kejì bá fẹ́ gba fáìlì tí ó jẹ́ ti ìdìpọ̀ mìíràn, dpkg a kọ̀ jálẹ̀, a sì dárúkọ ẹni tí ó ni ín. Ẹni tí ó di ẹrù lè sọ ní gbangba pé ìdìpọ̀ òun ń rọ́pò èkejì, tàbí pé àwọn méjèèjì kò lè jọ gbé inú ilé kan. Ohun tí kò tọ́ ni kí ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀ ní kọ̀rọ̀.

Nígbà mìíràn, ọ̀pọ̀ ìdìpọ̀ ni ó lè ṣe iṣẹ́ kan náà. Ọ̀nà tí Debian gbà yanjú èyí kò ní ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Orúkọ oyè kan wà, bí i editor, èyí tí í ṣe orúkọ gbogboogbò fún sọ́fítíwíà ìkọ̀wé. Ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀, ó sì forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ oyè. Onílé ni afọbajẹ. Ẹni tí ó bá yàn ni orúkọ oyè yóò máa tọ́ka sí, bí ilé ọba mẹ́rin ṣe lè ní ẹ̀tọ́ sí oyè kan tí ẹnì kan ṣoṣo sì ń jẹ ẹ́.

Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ àwọn méjèèjì kò bá jọra ńkọ́? Àpẹẹrẹ tí ó gbajúmọ̀ ni ti orúkọ node. Sọ́fítíwíà kékeré kan tí àwọn tí ń fi rédíò ránṣẹ́ láti kọ̀ǹpútà sí kọ̀ǹpútà ń lò ti ń jẹ́ orúkọ yìí ní Debian fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí Node.js dé ní ọdún 2009, ó fẹ́ orúkọ kan náà, àwọn tí ń lò ó kárí ayé sì pọ̀ ju àwọn onírédíò lọ fíìfíì. Ní ọdún 2012, ìgbìmọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ Debian dá ẹjọ́ náà: kí àwọn méjèèjì fi orúkọ náà sílẹ̀. Ti rédíò di ax25-node, Node.js di nodejs; ẹni tí ó bá fẹ́ kí node túmọ̀ sí Node.js lè gba ìdìpọ̀ kékeré kan tí yóò ṣe bẹ́ẹ̀ fún un. Ní ọdún 2017, ìgbìmọ̀ náà yí ìdájọ́ yìí padà, Node.js sì gba orúkọ node padà.

Ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú ẹjọ́ yìí. Ìgbìmọ̀ náà kò sọ pé nítorí pé ẹnì kan pọ̀ níye, kí ó lé ẹni tí ó wà nílé. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sọ pé ẹni tí ó kọ́kọ́ dé ni yóò ni orúkọ náà títí láé.

Láti Gúúsù Áfíríkà Dé Èkó

Ipa tí Gúúsù Áfíríkà kó nínú ìtàn yìí kì í ṣe kékeré. Mark Shuttleworth, tí a bí ní Welkom ní 1973, ti bá Debian ṣiṣẹ́ ní àwọn ọdún 1990. Ìdìpọ̀ Apache, sọ́fítíwíà tí ń gbé ojúewé íntánẹ́ẹ̀tì, ni ó ń tọ́jú. Ní 1995 ó dá ilé-iṣẹ́ Thawte sílẹ̀. Ní 1999 ó tà á fún VeriSign. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2004, ó gbé ẹ̀dà àkọ́kọ́ Ubuntu jáde, tí a kọ́ sórí Debian àti dpkg.

Ọ̀rọ̀ náà gan-an yẹ ní yíyẹ̀wò. Nínú èdè Zulu àti Xhosa, ìpìlẹ̀ -ntu ni a rí nínú ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ènìyàn. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ubu- sì sọ ọ́ di orúkọ aláfòyemọ̀. Jíjẹ́ ènìyàn láàárín ènìyàn ni ubuntu. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó sún mọ́ ọn jù ni ìwà ọmọlúàbí.

Ẹ̀dà Ubuntu tuntun máa ń jáde lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí di 2011, a máa ń fi àwo rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ nípasẹ̀ ìfìwéránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tí ó bá béèrè. Ní Gúúsù Áfíríkà, Àjọ Shuttleworth gbé àwọn ẹ̀rọ kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Freedom Toaster, níbi tí ènìyàn ti lè da irú sọ́fítíwíà bẹ́ẹ̀ kọ sórí àwo, nítorí pé íntánẹ́ẹ̀tì wọ́n nígbà náà. Ní 2007, ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà orílẹ̀-èdè náà fọwọ́ sí ìlànà tí ó gba ìjọba níyànjú láti máa lo sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìbéèrè dpkg pàdé, ní èdè tí kì í ṣe èdè abínibí wọn, níbi tí kò sí onímọ̀ tí wọ́n lè sáré bi.

Iṣẹ́ ìtumọ̀ náà dojú kọ ìforígbárí yìí. Àjọ Translate.org.za, tí a dá sílẹ̀ ní 2001, ti túmọ̀ sọ́fítíwíà sí èdè 11 tí òfin orílẹ̀-èdè náà ti ọdún 1996 fún ní ipò. Atúmọ̀ èdè tí ó bá ti túmọ̀ gbólóhùn ẹgbẹ̀rún kan mọ̀ pé ẹ̀dà tuntun sọ́fítíwíà yóò yí àwọn kan nínú gbólóhùn wọ̀nyẹn padà. Kí ni kí a ṣe sí ìtumọ̀ àtijọ́? Irinṣẹ́ gettext dáhùn lọ́nà tí ó dára: kì í ju ìtumọ̀ àtijọ́ nù. Bí gbólóhùn ìpìlẹ̀ bá ti yí díẹ̀, a fi ìtumọ̀ náà sílẹ̀ pẹ̀lú àmì pé kò dájú mọ́, a kì í sì fi í han àwọn òǹlò títí atúmọ̀ èdè yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tí gbólóhùn rẹ̀ kò sí mọ́, a kó o lọ sí ìsàlẹ̀ fáìlì, bóyá yóò tún wúlò lọ́la. Ubuntu náà ya ìdìpọ̀ èdè sọ́tọ̀ kúrò lára ìdìpọ̀ sọ́fítíwíà, kí iṣẹ́ atúmọ̀ èdè lè máa tẹ̀ síwájú láìfọwọ́ kan iṣẹ́ ẹlòmíràn.

Kíbọọ̀dù Olùkọ́ Yorùbá

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ibi tí bàtà ti ń ta olùkọ́ èdè lẹ́sẹ̀. Nínú Linux, fáìlì kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ng, tí ó sọ bí kíbọọ̀dù àwọn èdè Nàìjíríà yóò ṣe rí: Yorùbá, Haúsá, Ìgbò. Ká ní olùkọ́ kan rí i pé ibi tí a fi àmì ohùn sí kò bá ọwọ́ òun mu. Ó ṣí fáìlì náà, ó tún un ṣe, ó sì fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ọn. Ọjọ́ ìmúdójú ìwọ̀n pé, kíbọọ̀dù rẹ̀ sì padà sí bí ó ti wà. Kò sí ìbéèrè, kò sí ẹ̀dà tí a fi pamọ́.

Kí ló fà á? Inú fódà usr ni fáìlì yìí wà, níbi tí dpkg ti gbà pé olùpín ni ó ni gbogbo nǹkan. Nínú fódà etc ni a máa ń fi fáìlì ètò onílé sí. Ibẹ̀ sì ni ìbéèrè ti ń wáyé. Lójú olùpín, kíbọọ̀dù Yorùbá jẹ́ ohun tí ó ti parí. Lójú olùkọ́, ó jẹ́ ohun tí ó yẹ kí ó máa tún ṣe. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí fún yo_NG, fáìlì tí ó sọ orúkọ ọjọ́ àti oṣù ní Yorùbá. Ẹni tí ó bá tún àmì ohùn inú rẹ̀ ṣe lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ kàn ń kọ̀wé sórí iyanrìn ni.

Ìtọ́jú wà. Irinṣẹ́ dpkg-divert wà tí ó ń sọ fún alámòójútó pé kí ó gbé fáìlì olùpín gba ọ̀nà mìíràn, kí ó fi ti onílé sílẹ̀. Àwọn ẹ̀dà tuntun ètò kíbọọ̀dù sì ti fàyè gba kí onílé fi tirẹ̀ sí inú fódà ara rẹ̀, níbi tí ìmúdójú ìwọ̀n kò ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó sàn jù ni kí a fi àtúnṣe náà ránṣẹ́ sí àwọn tí ń ṣe é ní ìpìlẹ̀, kí ó lè di ti gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Orúkọ Méjì, Ara Kan

Ìforígbárí kẹta ni ó fara sin jù. Nínú Linux àtijọ́, fódà bin kan wà ní gbòǹgbò, bin mìíràn sì wà lábẹ́ usr. Debian pinnu láti sọ àwọn méjèèjì di ọ̀kan. Debian 12, tí ó jáde ní 2023, sọ ọ́ di dandan. Ṣùgbọ́n dpkg kò mọ̀ pé orúkọ méjì náà ti di ibì kan. Bí fáìlì kan bá ṣí láti orúkọ kan sí èkejì, tí ó sì tún ṣí láti ìdìpọ̀ kan sí òmíràn lẹ́ẹ̀kan náà, dpkg lè pa àtijọ́ rẹ́ láìmọ̀ pé tuntun ni òun ń pa. Fún ìgbà pípẹ́, a ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe irú ìṣípòpadà bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí Debian 13 jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2025 ni iṣẹ́ kíkó gbogbo ìdìpọ̀ sábẹ́ orúkọ kan parí.

Yorùbá ní irú ìṣòro yìí ní òdìkejì. Lẹ́tà ẹ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú Unicode. A lè kọ ọ́ ní ẹ pẹ̀lú àmì ohùn ìsàlẹ̀. A lè kọ ọ́ ní è pẹ̀lú àmì abẹ́. A sì lè kọ ọ́ ní e lásán pẹ̀lú àwọn àmì méjèèjì. Ojú kò lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀, ṣùgbọ́n lójú Linux, orúkọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Nítorí náà, fáìlì méjì tí ń jẹ́ ẹ̀kọ́ lè wà nínú fódà kan, tí ìforígbárí kankan kò sì ní hàn. Olùkọ́ yóò tún ọ̀kan ṣe, akẹ́kọ̀ọ́ yóò ka èkejì. Unicode ti ṣe ìlànà tí ó ń sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ọ̀kan. Ó kù kí àwọn tí ń kọ sọ́fítíwíà fún èdè olóhùn máa lò ó nígbà gbogbo.

Ohun Tí Àkọtọ́ Kọ́ Wa

Àwọn onímọ̀ èdè Yorùbá ti ṣe ìmúdójú ìwọ̀n tiwọn rí. Ìpàdé ọdún 1875 ní Èkó fi ìlànà àkọtọ́ lélẹ̀. Ní 1974, ìjọba fọwọ́ sí àtúnṣe tí ó sọ aiye di ayé, enia di ènìyàn, yio di yóò. Ìwé ilé-ìwé yí padà, ìdánwò yí padà. Ṣùgbọ́n a kò lọ sí ilé ẹnikẹ́ni láti fi tipátipá yí orúkọ ìdílé rẹ̀ padà. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Aiye ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ títí di òní, Oshodi sì ń jẹ́ Oshodi lórí àwòrán ilẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ ti gbogbogbò, a tún un ṣe. Ohun tí ó jẹ́ ti onílé, a fi í sílẹ̀ fún un láti pinnu.

Ìlànà kan náà ni àwọn tí ó ronú jinlẹ̀ jù nípa ìdìpọ̀ sọ́fítíwíà ń lépa báyìí. Nix, tí ó jẹ́ kókó ìwé àpilẹ̀kọ oyè ọ̀mọ̀wé Eelco Dolstra ní Yunifásítì Utrecht ní 2006, fún ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ibùgbé tirẹ̀, tí àtijọ́ àti tuntun fi lè jọ wà láìkọlu ara wọn. Ètò systemd ń fi fáìlì olùpín sí ibì kan, ti onílé sí ibòmíràn; bí orúkọ wọn bá dọ́gba, ti onílé ni ó lágbára jù. Ó tún fàyè gba kí onílé kọ gbólóhùn kan péré sínú fáìlì kékeré tirẹ̀ dípò kí ó da odidi fáìlì olùpín kọ. Irinṣẹ́ etckeeper sì ń tọ́jú ìtàn fódà etc, tí ó fi jẹ́ pé ohun tí a bá yí padà, a lè wá a kàn.

Ìkádìí

Láti inú ìtàn yìí, ohun mẹ́rin ni ó yẹ kí alámòójútó ìdìpọ̀ máa ṣe. Kí ó má pa iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn rẹ́ láì fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́. Kí ó máa tọ́jú ẹ̀dà àtijọ́ tí àwọn méjèèjì ti pínyà, kì í ṣe òǹtẹ̀ rẹ̀ nìkan. Kí ó máa béèrè nígbà tí ìbéèrè bá pọn dandan nìkan, ní èdè tí onílé gbọ́, kí ó sì máa ròyìn nígbà tí kò bá lè béèrè. Lékè gbogbo rẹ̀, kí àwọn tí ó kọ ọ́ máa ya ilé onílé sọ́tọ̀ kúrò lára ilé olùpín láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ìjà tí kò ṣẹlẹ̀ kò nílò onílàjà.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Lórí ọ̀nà Johannesburg sí Pretoria, ilé agbedeméjì ti pa ẹṣin tì tipẹ́, ìjọba tí ó wà lórí ilẹ̀ náà sì ti yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹni tí ó bá béèrè Halfway House lọ́wọ́ ará Midrand lónìí, wọn yóò júwe rẹ̀ fún un.